Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kúnlẹ̀

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo ké débi pé gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n jókòó síta gbọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n wọlé wá gbé ọmọ, wọ́n ní àwọn obìnrin ilé àwọn kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò gbàgbé.

Mo wá pinnu pé ní ti oyún kejì, wọn ò ní gbóhùn mi rárá. Àfi bí ìrọbí ṣe mú mi lọ́sàn-án nílé wa ní Ayọ̀bọ̀. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá mi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgàndó ju ìyá rẹ̀ lọ. Gbogbo kòtò tí kẹ̀kẹ́ náà kó sí, ètè ni mo fi eyín dì mú.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n dùbúlẹ̀. Ó ní kí n máa rìn, kí n máa fẹ́ èémí síta bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gún mi lábẹ́rẹ́ tó máa pa ìrora náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ò sí lọ́dọ̀ àwọn, ọwọ́ ló wà. Ló bá tẹ́ ẹní, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbórí lé ibùsùn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí mi gidi. Ara tù mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ wọ́n ti ń pè é ní yàrá kejì. Ó ní ṣé kí òun pe ẹni tó bá mi wá, kó máa bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ìrora tó tẹ̀lé e bá mi láìsí ọwọ́ kankan lẹ́yìn mi. Nígbà tó tún yọjú, èmi fúnra mi ni mo sọ pé, "Ẹ bá mi pe Màmá."

Wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ òrùka wọn kó má baà ha mi lára. Nọ́ọ̀sì fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Ẹní ò gba ènìyàn méjì, ni wọ́n bá kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi lórí símẹ́ǹtì lásán. Mo gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ró. Ojú tì mí. Ìrora dé, mo di ẹnu mi pa.

"Ké, ọmọ mi," ni wọ́n sọ létí mi. "Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí. Èmi náà ké."

Mo ké. Wọn ò gbọ́wọ́ kúrò lẹ́yìn mi títí ọmọbìnrin náà fi dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí a padà délé, wọ́n gbé omi gbígbóná àti táwẹ̀lì wọ yàrá mi, kí wọ́n fi jó ikùn mi bí a ti ń ṣe fún ọlọ́mọ tuntun. Wọ́n ń tiro. Orúnkún wọn méjèèjì ti wú. Mo gba táwẹ̀lì náà lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn ni wọ́n bímọ ni. Mo kúnlẹ̀, mo ki táwẹ̀lì bọ omi, mo fún un, mo sì gbé e lé orúnkún wọn.

Wọ́n ń wo ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní omi náà ò gbóná tó. Mo dìde lọ gbé òmíràn kaná.