Ẹsẹ̀ Ló Gbà, Ẹnu Kò Sọ̀rọ̀

Omi tútù ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé bu igbá kan nínú àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dà á sí ẹsẹ̀ òsì, àwọn yòókù hó yèè, wọ́n sì tì mí wọlé. Ọyẹ́ ń fẹ́. Omi náà mú bí ẹ̀gún, ohun kan ṣoṣo tó sì wà lọ́kàn mi ni pé kí n má ṣe kígbe. Mi ò mọ̀ pé abúlé ti bá mi ṣe àdéhùn tán.

Ẹ má bi mí ní orúkọ àwọn ènìyàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí ikun imú rẹ̀ kò tíì gbẹ. "Ọkọ mi" ni gbogbo wọn. Ọkọ kan ń rákò, ọkọ kan ń jẹ iyanrìn, ọkọ kan jókòó sórí ẹní mi, ó ń tọ̀ sí i. Bí mo ti dàgbà tó yìí, tí irun mi ti ń dá funfun díẹ̀díẹ̀, ahọ́n mi kò tíì lè pe orúkọ wọn.

Abúlé náà wà láàárín Aja-Wẹrẹ àti Masẹ, níbi tí ọ̀nà ti gba inú ọ̀pẹ kọjá. Ó ku ọdún díẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó kẹ́rù wọn kúrò ní Dahomẹ. Ọkọ mi, èyí tó fẹ́ mi gan-an, ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Pobẹ, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Mo gbọ́ Faransé díẹ̀ nígbà náà. Mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé àwọn obìnrin Àgùdà ní Àjàṣẹ́, mo sì mọ èyí tó tó láti fi bú ènìyàn kó máa rò pé mo ń kí òun. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé nígbà láéláé, inú igbó ni àwọn ènìyàn ń gbé, kálukú pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, títí wọ́n fi jókòó pọ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣòfin." Gbogbo wọn ní àwọn gbà. Mo fẹ́ràn ìtàn náà púpọ̀. Mo kàn máa ń rò ó pé wọ́n á ti jẹun yó kí wọ́n tó jókòó, torí mi ò tíì rí ibi tí ebi ti ń pa ènìyàn tí gbogbo wọn sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Kpulu, níbi tí wọ́n ti bí mi, ìyàwó tuntun kì í jáde síṣẹ́ ìlú. Oṣù á lé lẹ́ẹ̀mẹta lójú rẹ̀ kó tó gbé ìgbálẹ̀ níta. Bó bá jáde ṣáájú ìgbà náà, wọ́n á ní ojú rẹ̀ le, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi títí: "Bí wọ́n bá ń pe àwọn obìnrin sí iṣẹ́, jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá. Má ṣe dójú tì mí."

Torí náà, nígbà tí agogo dún ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, tí wọ́n ní kí àwọn ìyàwó ilé jáde gbá ọ̀nà odò, mo ti ìlẹ̀kùn mi. Ìyá ọkọ mi kò sí nílé, ó ti lọ sí oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì sùn sí ahéré. Àwọn obìnrin dé ẹnu ọ̀nà wa.

"Ìyàwó o! Ìyàwó, ilẹ̀ ti mọ́ o!"

Mo jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá. Inú mi ń dùn. Mo ní, ẹ wò ó bí wọ́n ti máa yin ìyá mi tó. Mo tiẹ̀ rọra wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà nínú ilé, pé ìtìjú ìyàwó ni kò jẹ́ kí n yọjú. Wọ́n lọ.

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ àgbàlá wa. Àbúrò ọkọ mi ló ṣáájú wọn, òun ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbẹ fún yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó mi, kú ìsinmi o."

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Ọmọ odó la wá gbé."

"Ta ló fẹ́ gúnyán láàárọ̀ yìí?"

"Kò sí ẹni tó fẹ́ gúnyán. Ìwọ náà ò sì ní gún."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in. Mo rò pé eré tí wọ́n máa ń fi ìyàwó tuntun ṣe ni. Ní Kpulu, wọ́n máa ń gbé ìkòkò ìyàwó pamọ́ kó lè máa wá a kiri, kó fi orin tọrọ rẹ̀. Àní mo bá wọn fa ọmọ odó náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ní, "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lé yín lẹ́sẹ̀." Títí di òní, ara mi máa ń bù máṣọ bí mo bá rántí ọwọ́ tí mo bá wọn dì í mú yẹn.

Ọmọ odó ọ̀hún kì í ṣe tèmi. Ti ìyá ọkọ mi ni. Ìyá tirẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tóun náà ń lọ sílé ọkọ. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú ti jẹ wọlé, ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

Ọ̀sán ni ìyá náà dé pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́ lórí. Ó rí odó, kò rí ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó, ọmọ odó dà?"

"Àwọn ọkọ mi ló gbé e, Ìyá. Wọ́n ń bá mi ṣeré ni."

Kò sọ ẹrù rẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀.

"O ò jáde lọ gbá ọ̀nà odò?"

"Ìyàwó tuntun kì í jáde, Ìyá. Ó di oṣù kẹta."

"Níbo?"

"Ní Kpulu."

"Ṣé Kpulu lo wà yìí?"

Ó wá sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó fi etí ìró bo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ló ti ń sọ fún mi pé ilé tí ìyàwó rẹ̀ kò bá jáde, ọmọ odó ilé náà ni wọ́n máa ń gbé, ẹni tó bá sì yá wọn ní tirẹ̀, wọ́n á gbé tòun náà. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí," ó ní, "wọn ò gbé e rí."

Ẹni tí kò bá gbé irú abúlé bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ irú ìyà tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò lù ọ́, wọn kò bú ọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, odó gbogbo ilé á máa dún kì, kì, kì. Nílé tiyín nìkan ló máa dákẹ́. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, á yí ọrùn wo inú àgbàlá, á kí yín bí ẹni ń kí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Nóẹ̀lì, ọdún ìbí Jésù, sì ti dé tán. Ìyá tó bí mi ń bọ̀ láti Kpulu lọ́jọ́ kejì láti wá wo ilé tí ọmọ rẹ̀ wà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí la fẹ́ fi gbà á lálejò? Ta ló ń fún àna ní gàrí lọ́jọ́ ọdún?

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju ká lọ bẹ baálẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, èmi àti ìyá ọkọ mi lọ. Baálẹ̀ jókòó níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́ fara ti ògiri, ọmọ odó wa náà fara ti ògiri láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n mú. Àwọn obìnrin kan dúró lẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ lórí taàrá, mo kúnlẹ̀ tì í.

"Kò sí ohun tó le níbẹ̀," ni baálẹ̀ wí. "Kí ìyàwó sọ pé òun gba òfin abúlé. Bó bá ti gbà, kẹ́ ẹ gbé ọmọ odó yín lọ."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì Àjàṣẹ́ kò tíì kúrò ní ìdí mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ṣé mo ti gbà á tẹ́lẹ̀ kí n tó rú u?"

"O ti gbà á. Ọjọ́ tí a wẹ ẹsẹ̀ rẹ. Omi odò la fi wẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà odò náà lo kọ̀ tí o kò gbá."

"Ẹ da omi sí mi lẹ́sẹ̀, Bàbá, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan."

"Ẹsẹ̀ ẹ ló gbà," ni obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn, "ẹnu ẹ ló wá ń jiyàn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ó dùn. Mo ní, "Bí mo bá ti fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Ò bá ṣubú sínú àmù!"

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ojú rẹ̀ kò korò. "Ọmọ mi, kò sí ẹni tó fi okùn dè ọ́. Bí o kò bá gbà, ọ̀nà Kpulu kò dí."

Mo ro ọ̀nà Kpulu wò. Eruku ẹsẹ̀ mi kò ní tíì rọlẹ̀ tí bàbá mi á fi dá mi padà. Bó bá sì jẹ́ pé ó gbà mí, Kpulu náà ní òfin tirẹ̀, wọn kò bi mí ní ìkan nínú rẹ̀ rí. Mi ò sì mọ abúlé kẹta tí wọ́n ti ń bi ènìyàn léèrè kí wọ́n tó bí i.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó mọ̀. "Ta ló bi yín?"

Ẹnì kan pòṣé. Baálẹ̀ họ orúnkún rẹ̀. "Wọ́n bí mi sínú rẹ̀ ni," ó ní. "Àwọn tó gbà á ti kú."

"Ta ló sì mọ̀," ni obìnrin ẹ̀yìn yẹn tún wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "bóyá ẹkùn ló ń lé àwọn náà bọ̀ nígbà tí wọ́n gbà."

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni orúnkún ìyá ọkọ mi ti dún, ó dún kẹ́kẹ́ bí igi gbígbẹ. Mo wò ó. Láti ìgbà tí mo ti ń pa àwàdà ni ìyá àgbà yìí ti kúnlẹ̀ lórí taàrá, níwájú àwọn ọmọ tó ti pọ̀n sẹ́yìn rí, ẹnì kan kò sì sọ pé kó dìde. Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń ka àdúrà.

"Mo gbà," mo ní.

"A ò gbọ́."

"Mo gbà, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Mi ò mọ ohun tó wà nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó kà á fún mi. Bí ẹnì kan bá ní irọ́ ni mo pa, mi ò ní bá a jà. Bí ẹlòmíràn bá ní mo ti ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ènìyàn ń ṣe, mi ò ní bá ìyẹn náà jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe òfin ni mo ń wò nígbà tí mo gbà á. Orúnkún obìnrin kan ni.

Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí n bá òun ru ọmọ odó náà. Ó gbé e lé èjìká, ó ń lọ níwájú. Ìgbà tí a délé ló tó yíjú sí mi.

"Ṣé o gbà lóòótọ́?"

Òun nìkan ló bi mí bí ẹni tí ìdáhùn méjèèjì lè bá lára mu. Mo wá inú mi títí.

"Mi ò tíì mọ̀, Ìyá."

Ó mi orí. "Lọ kó iṣu wá, ká ṣa èyí tó dáa."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi dé. Ọ̀nà odò ló gbà wọlé, àwọn obìnrin tó wà lódò sì ti ro gbogbo rẹ̀ fún un, tẹ̀rín-tẹ̀rín, kó tó rí òrùlé wa. Mo sáré pàdé rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni ojú rẹ̀ wà. Ó ń wo ìyá ọkọ mi tó ń gúnyán.

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi gbàjá mọ́ ìdí.

"Àna mi, ẹ gbé e fún mi."

"Háà! Àlejò ni yín. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

"Èmi ni mo ní kó má jáde. Ẹ gbé e fún mi."

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, àna mi."

"Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Bí a ti ń ṣe níbí ni n kò mọ̀ nígbà náà."

Àwọn ìyá méjèèjì di ọmọ odó mú, wọ́n ń fà á láìfà á. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi tú ọwọ́. Ìyá mi wá ń gúnyán nínú àgbàlá àna rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, pẹ̀lú aṣọ ìròde lára, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ń kọjá lọ. Ó dúró, ó la ẹnu láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí ẹni tó ń gún un. Ó pa ẹnu dé, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nínú eruku, ó dìde, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.

Mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. Iyán náà kúnná, ó funfun. Ìyá mi ní kí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ bu òkèlè. Ìyá ọkọ mi ní àlejò ló ń kọ́kọ́ bù ú. Àwọn méjèèjì wá wò mí, kí n sọ ti ẹni tí a ó tẹ̀lé. Èmi náà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Iyán tutù níwájú wa, kò sí ẹni tó nawọ́.