Ìbọn Tí Mo Rọ fún Làmídì

Ọdún méje ni ọ̀rẹ́ mi fi bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìyàwó Làmídì ọdẹ, ọ̀rẹ́ mi tó kú, ló rìn láti Ìfọ́n wá sí ilé àgbẹ̀dẹ mi ní Ìlobù láàárọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ṣakabùlà tí mo rọ fún ọkọ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àbúrò ọkọ mi ti ti Góòlù Kóòsì dé, òun ni yóò máa lò ó. Ẹ bá wa tún un ṣe. Apá òsì ni ọta rẹ̀ máa ń yà sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e fún ọkọ mi ni. Apá ọ̀tún ẹran ló máa ń dojú rẹ̀ kọ kó tó yìn ín. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó yín ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń mú yín rẹ́rìn-ín."

Mo tú ọ̀pá ìbọn náà, mo na òwú gba inú rẹ̀ kọjá. Ó tẹ̀ lóòótọ́. Mo rọra fi òòlù lù ú títí ó fi tọ́, mo tò ó padà. Mo rọ ẹ̀tù sí i, mo ki ọta, mo yìn ín sí ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìnkùlé. Àárín ìbẹ́pẹ gan-an ló bà.

Mo yíjú padà, mo ní, "Làmídì, o rí i?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, tó ń fi ìborùn nu ojú.

Ó ti gbé ìbọn lọ báyìí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ó yẹ kí Làmídì sọ fún mi ni, àbí bó ṣe ṣe é yẹn ló dáa? Ẹ fèsì o, ilé yìí ti dákẹ́ jù.