Ẹ̀gbọ́n Tí Japan Kò Kà Mọ́

Lọ́sàn-án, bí a bá ti jẹun tán, màmá arúgbó tí mo ń tọ́jú ní Hartstown, ní Dublin, á wọ kóòtù wọn, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lónìí. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mi ò lè ṣí i. Ọmọ wọn obìnrin ló ní kí n máa tì í, torí màmá ti ṣìnà rí. Tí mi ò bá ti ṣí i, wọ́n á fi èdè òyìnbó sílẹ̀, wọ́n á máa fi èdè kan tí mi ò gbọ́ bẹ̀ mí. Ará Taiwan ni wọ́n, mo rò pé èdè ibẹ̀ ni. Èmi náà ò lè kúrò níbẹ̀. Mo máa ń fẹ̀yìn ti ògiri, kí n má baà wo ojú wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ wọn tètè ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì gbọ́.

"Èdè Japan nìyẹn," ó ní. "Japan ló ń ṣàkóso wa nígbà tí màmá wà lọ́mọdé. Nílé ìwé, tí èèyàn bá sọ èdè ilé rẹ̀, ẹgba ni. Wọ́n ní ọmọ Japan ni gbogbo wa, wọ́n wá mú ẹ̀gbọ́n màmá lọ sógun. Kò padà wá. Lẹ́yìn ogun, Japan fi erékùṣù wa sílẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá, bẹ ìjọba Japan pé kí wọ́n ṣe fún òun bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyá sójà tó kú. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n màmá kì í ṣe ọmọ Japan mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bá China ṣọ̀rẹ́, China ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa da nǹkan pọ̀, ni wọ́n bá ti ẹ́ńbásì wọn lọ́dọ̀ wa pa. Kò wá síbi tí ìyá àgbà máa lọ bẹ̀bẹ̀ mọ́."

Mo rántí bàbá mi. Inú họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ìjọba ibí kó àwa tó wá tọrọ ààbò sí ni mo wà, tí mò ń dúró de ìwé ìgbélùú, nígbà tí wọ́n sin bàbá nílé. Ká ní mo lọ ni, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọ ìlú yìí mọ́.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ wọn, mo fi mọ́tò gbé màmá lọ sí Dublin Port, létí òkun, kí wọ́n lè lọ pàdé ẹ̀gbọ́n wọn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Holyhead, lókè òkun, ń kẹ́rù lọ́wọ́. Mo tú bẹ́líìtì wọn.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀, mà."

Wọ́n di bẹ́líìtì náà mú.

"Tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, kí ni kí n sọ?"

Mo bá wọn de bẹ́líìtì náà padà. A jókòó síbẹ̀ títí ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò fi wá kan gíláàsì, ó ní a ò lè páàkì síbẹ̀.