Kẹ̀kẹ́ Tí Orúkọ Ẹlòmíràn Wà Lára Rẹ̀

Títí di òní, bí òórùn kẹrosíìnì àti gírísì bá pàdé nímú mi, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ẹlòmíràn á gbọ́ òórùn yẹn, á rántí sítóòfù ìyá rẹ̀. Èmi á rántí ọdún kan ní Ìlá, láàárín àwọn ọdún 1990, tí mo ń fi ẹ̀rù sùn, tí mo ń fi ẹ̀rù jí, nítorí kẹ̀kẹ́ kan tó fara ti ògiri ìsọ̀ bàbá mi, tí ọwọ́ mi ń tó o lójoojúmọ́, tí n kò sì gbọdọ̀ gùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, mo sì ti gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Alùpùpù ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń lá lálàá. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ti di ti àgbẹ̀ àti ti arúgbó. Èmi ní tèmi, kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́ ni mo fẹ́ràn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Bí mo bá rí èyí tí wọ́n gbé ti igi lójú ọ̀nà oko, mo máa ń dúró fi èékánná ta á, kí n gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń dún. Bàbá mi ní ọ̀kan, dúdú, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti rà kó tó fẹ́ ìyá mi. Irin rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò ní jíà, òkè tó yí wa ká kò sì bìkítà pé irin dára. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ kan rí ní Ìbàdàn tó jẹ́ pé jíà Jàpáànù ló ní. Àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n kó gbogbo jíà náà pamọ́ sí. Ènìyàn á fi àtàńpàkò ti irin kékeré kan lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì fúyẹ́ lójijì. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbádùn.

Ní Iléyá ọdún kan, àbúrò bàbá mi tó ń gbé Èkó wá sílé, ó so kẹ̀kẹ́ kan mọ́ orí bọ́ọ̀sì tó gbé e wá. Èmi ló rà á fún. Àwọ̀ ewé ni, ó ti lo ọjọ́, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ dún bí aago nígbà tí mo ta á, jíà Jàpáànù sì wà níbi tí mo ti ń retí rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, mo yí i. Ó ń yí, kò pariwo; wọ́n bu oúnjẹ sílẹ̀, ó ṣì ń yí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, bí kò bá ṣe pé àbúrò bàbá mi fẹ́ kí a mọ̀ pé ojúlówó ẹrù lòun rà. Ó tọ́ka sí ohun kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára irin tó bo táyà ẹ̀yìn, kíkọ àwọn ará Jàpáànù. Ó ní orúkọ ẹni tó ni ín nìyẹn, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wọn, oníkálukú ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

Bàbá mi dá ẹran ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá ẹni tó ni orúkọ náà ló tà á fún un. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò mọ̀, inú kọ̀nténà ni wọ́n kó wọn jọ sí bí igi ìdáná. Bàbá mi ní bó bá sọnù lọ́wọ́ onítọ̀hún ńkọ́? Bí wọ́n bá jí i gbé ńkọ́? Ó ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ìsọ̀ òun, kí n má sì gùn ún.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ní ìlú wa, wọ́n máa ń fi àwọn télọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í ra aṣọ ọdún, pé ti oníbàárà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí yídì. Bàbá mi kò wọ aṣọ aláṣọ rí. Bí o bá gbé aṣọ wá, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ sí òdì rẹ̀, láti ìgbà náà, orúkọ yẹn ló ń ṣọ́ aṣọ. Àwọn aṣọ kan wà lórí okùn nínú ìsọ̀ rẹ̀ tí àwọn tó ni wọ́n ti bá iṣẹ́ lọ sí Àbíjáǹ, tí àwọn mìíràn ti kú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò wọ́n. Bí ọdún bá ń bọ̀, á kàn gbọn eruku wọn, á tún fi wọ́n kọ́. Irú ọkùnrin yìí ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ olórúkọ wá bá.

Ó lọ bá lẹ́mọ́mù. Lẹ́mọ́mù ní ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ ẹnì kan tí a sì rí i he, ọdún kan ni kí a fi kéde rẹ̀. Bí olóhun kò bá yọjú, ẹni tó rí i lè máa lò ó. Mo rò pé ńṣe ni lẹ́mọ́mù fẹ́ fi ìyẹn tù ú nínú, nítorí ta ni yóò dúró ní Ìlá kéde fún ará Jàpáànù? Bàbá mi gbà á bó ṣe sọ ọ́.

Láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá ti kírun tán, bàbá mi á dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, á ní kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan wà lọ́dọ̀ òun, orúkọ wà lára rẹ̀, ẹni tó bá mọ olóhun kó bá òun sọ fún un. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Bàbá àgbàlagbà kan gbà á níyànjú pé kó túbọ̀ gbóhùn sókè, nítorí òkun fẹ̀. Òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sọ mí ní Jàpáànù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló ń dẹ́rù bà mí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ẹnì kan lè dáhùn. Bí bàbá mi bá ti lanu, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Ẹnikẹ́ni tó bá wúkọ́, mo rò pé ó fẹ́ sọ pé tòun ni.

Bàbá mi ní ìtọ́jú kò léèwọ̀, gígùn ló léèwọ̀. Nítorí náà, mo ń tọ́jú. Mo tú u palẹ̀, mo fi kẹrosíìnì fọ àwọn irin wẹ́wẹ́ inú jíà, mo fi gírísì tuntun sí wọn. Pẹ́dà òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí n tó mọ̀ pé òdì ni wọ́n ń tú u. Bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń dára sí i ni ẹ̀rù mi ń pọ̀ sí i, torí ta ló mọ̀ bóyá ẹni tí yóò wá gbé e lọ ni mò ń tún un ṣe dè. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí gáréèjì ní kí n gbé e wá, ó ní ọ̀dà díẹ̀ ni yóò gbà, orúkọ á pòórá, ọ̀rọ̀ á tán. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, mo ṣe bí ẹni tó ń ròyìn ohun tí wèrè kan sọ lójú títì. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ó ní, “Bí o bá pa orúkọ olóhun rẹ́, ìgbà yẹn gan-an lo jí i.”

Ọdún náà ti ń lọ sópin, mo sì ti ń mí díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan dé láti Ọ̀tan Ayégbajú. Ó kí bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní wọ́n jí kẹ̀kẹ́ òun gbé nígbà tí òun ń gbé Èkó, pé òun gbọ́ pé bàbá kan ní Ìlá ń wá ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ó ní aláwọ̀ ewé ni tòun, jíà Jàpáànù ló ní, kíkọ wọn sì wà lára rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo ọwọ́ bàbá mi bó ṣe ń fi aṣọ bo ibi tí orúkọ wà. Ó na ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ sí àlejò náà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á fún mi bí ẹ bá ṣe rántí rẹ̀.”

Ọkùnrin náà gba ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí tábìlì. Mo mọ orúkọ ara kẹ̀kẹ́ wa ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ, ìlà àkọ́kọ́ tó fà sì bá tiwa mu, ìkejì bá tiwa mu. Lẹ́yìn náà, ó fa ìlà yí wọn ká, ó sé e pa, ó fi àgbélébùú sáàárín. Ó ní èyí nìkan lòun rántí, pé ó dà bíi fèrèsé. Bàbá mi ṣí aṣọ. Ó ń wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wọn aṣọ, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀.

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kì í ṣe tèmi, bàbá. Gbogbo ibi tí mo ti béèrè, wọ́n lé mi bí olè. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní kí n wá wò ó.” Bàbá mi sìn ín dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀. Inú mi dùn débi tí ojú fi tì mí.

Nígbà tí ọdún pé, bàbá mi pè mí, ó ní kí n máa gùn ún. Ó ní bí olóhun bá dé, kí n má sọ pé mo fún un, ńṣe ni mo dá a padà. Mo gùn ún lọ sí Ìgbájọ. Ní ìdí òkè, mo fi àtàńpàkò ti jíà, òkè náà sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ti ń lá a lálàá. Mo kígbe, èmi nìkan, láàárín igbó. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn, mo ń bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n.

Ọdún gorí ọdún. Oòrùn àti òjò, tí bàbá mi kò lè kà léèwọ̀ fún, pa orúkọ náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wò ó, kò ku nǹkan kan. Èmi tí mo ti fẹ́ kí ó parẹ́ rí, mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo gbìyànjú láti yà á padà, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú mọ́ èwo ló ṣáájú nínú àwọn ìlà náà, mo sì fi ọ̀dà sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, ẹbí jókòó láti pín ogún. Wọ́n ka kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ohun tó fi sílẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí mo bá ní tèmi ni, ta ni yóò bá mi jiyàn? Gbogbo ìlú ló rí mi lórí rẹ̀. Àyà mi ń lù bíi ti ìgbà yẹn. Mo ní, “Kì í ṣe ti bàbá, kì í sì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín wà.” Wọ́n bi mí pé ta ni. Mo wo irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, n kò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí. Àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀ ní kí ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe tòun máa tọ́jú rẹ̀ lọ.

Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi báyìí. Àwọn ọmọ mi ń pè é ní kẹ̀kẹ́ bàbá wa. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ ọ, wọ́n á sì tún pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó ni ín lè dé. Ní báyìí tí irun mi ti funfun, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kú, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín.