Ẹni Tí Wọ́n Ń Retí Kọ́ Ló Dé

Aṣọ lílọ̀ ni obìnrin yìí ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ń ṣe é, níbi tí ooru omi gbígbóná kì í ti í jẹ́ kí gíláàsì fèrèsé mọ́ kedere. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń kọjá lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Kọ́là ló máa ń kọ́kọ́ lọ̀, á wá kan apá, kó tó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀. Iná ti jó o lọ́wọ́ láìmọye ìgbà, bí wọ́n bá sì bi í léèrè àwọn àpá náà, á ní ilà ìdílé òun ni. Alágbàfọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Òun nìkan ni bàbá náà bí. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú tí wọ́n ń gbé. Ìgbà tó ṣì wà ní géńdé ló wọ ọkọ̀ ojú omi débẹ̀, géètì ilé kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí ló sì ń ṣọ́ títí tó fi darúgbó. Èdè ilé rẹ̀ ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ, àwọn méjèèjì péré. Bó bá ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí dàgbà. ‘Ìyá tí kò bí mi’ ni mo máa ń pè é. Ọjọ́ tó bá fojú kàn ọ́, ayọ̀ ò ní jẹ́ kó rántí jókòó. Lọ́dún tó ń bọ̀, a óò lọ.”

Ọdún tó ń bọ̀ náà kò bọ̀. Ikọ́ ló gbé bàbá náà lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ilé iṣẹ́ fún un ní ìsinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fà á lọ́wọ́ pé kó bá àwọn rìnrìn àjò lọ wo òkun ní orílẹ̀-èdè kan tó bá ti bàbá rẹ̀ pààlà. Ó bá wọn lọ. Àmọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń na ara sínú oòrùn, ọkàn tirẹ̀ ti kọjá ibodè. Oníbàárà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú bàbá rẹ̀ ti bá a wá nọ́ńbà àbúrò bàbá náà rí. Ó pe nọ́ńbà náà, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Káfíńtà ni àbúrò bàbá náà. Ibùdókọ̀ ló ti dúró dè é, ẹ̀rún pákó ṣì wà nínú irungbọ̀n rẹ̀.

“Ṣé ìwọ nìyí?”

“Èmi nìyí, Bàbá mi. Ẹ kú ìdúró o. Ẹsẹ̀ yín ò ní wú láé.”

Káfíńtà wò ó lọ wò ó bọ̀. “Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ báyìí?”

“Bàbá mi ni.”

Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì forí lé ilé.

Ilé náà gùn, yàrá ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ibi tí Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ sì wà níwájú. Ìyàwó Káfíńtà gbé oúnjẹ wá, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì yí àlejò ká bí ẹni ń wo mọ́tò tuntun. Ariwo pọ̀. Alágbàfọ̀ ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ohùn asọ̀rọ̀mágbèsì yẹn kù díẹ̀.”

Àwọn ọmọ wo ara wọn. “Kí ni wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ó nawọ́ sí rédíò. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, òmíràn ń yí nílẹ̀.

“Má dá wọn lóhùn, ọmọ mi,” ni ìyàwó Káfíńtà wí, òun náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. “Ìyá ọkọ mi ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn gbẹ̀yìn. Èdè àwọn arúgbó ni bàbá rẹ kó lé ọ lọ́wọ́.”

Láti ìgbà náà, Àǹtí Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá ti wá tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti sùn lọ́jọ́ yẹn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Káfíńtà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ojú wọn ti lọ pátápátá, etí nìkan ló kù. Mi ò sì tíì sọ fún wọn pé bàbá rẹ ti kú. Mo ní ẹnu ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó ti jáde.”

Yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ìgò oògùn tò sójú fèrèsé. Alágbàfọ̀ ti ń ronú ohun tí yóò sọ láti inú bọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ kí inú ìyá náà dùn. Ooru ilé iṣẹ́ sì ti sọ ohùn rẹ̀ di kíki bíi ti ọkùnrin.

“Ìyá tí kò bí mi,” ló wí, “ẹ káàárọ̀ o.”

Ìyá àgbà kò mira.

“O ti dé.”

“Mo ti dé, mà.”

“Ta ló ní kó o wọlé?”

Alágbàfọ̀ bojú wẹ̀yìn wo Káfíńtà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ojú fèrèsé yìí ni Màmá jókòó sí títí ẹ̀mí fi bọ́,” ni ìyá àgbà ń wí. “Wọ́n ní kí n má ti ilẹ̀kùn, pé o lè dé lóru. Mi ò tì í. Olè wọlé, mi ò tì í. O wá dé nígbà tí mi ò ríran mọ́.”

Káfíńtà sún mọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, òun kọ́. Ọmọ rẹ̀ ni. Obìnrin ni.”

“Mo mọ ohùn àbúrò mi.”

“Bàbá mi ti kú, mà,” ni Alágbàfọ̀ sọ. “Orúkọ yín ló wà lẹ́nu rẹ̀ títí. Ẹ bá mi forí jì í.”

“Àtikékeré ló ti máa ń purọ́,” ni ìyá àgbà dáhùn. Ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kò jẹ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú, omi nìkan ló ń mu. Alágbàfọ̀ kò mọ èyí tí yóò ṣe, ó wá ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá náà, ó lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó ní kí ìyàwó Káfíńtà bá òun tẹ́ wọn. Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ náà.

“Ta ló lọ̀ ọ́?”

“Ọmọ yín tó dé ni.”

Ó dìde, ó fà á kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sùn sórí tìmùtìmù lásán.

Nígbà tó yá, Alágbàfọ̀ lọ bá Káfíńtà nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kì í ṣe pé ó gbàgbé yín. Géètì ló ń ṣọ́ títí tó fi darúgbó. Kò rí nǹkan kan mú bọ̀, ìtìjú ni ò jẹ́ kó wálé.”

Káfíńtà kò gbójú sókè kúrò lára pákó tó ń fá. “Ìtìjú kẹ̀? Ta ló bi í léèrè ohun tó mú bọ̀? Òun la ń retí.” Ó gbé ohun ìfá sílẹ̀. “Ọmọ mi, a kì í lé àlejò. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ara wọn á máa gbọ̀n. Ẹ̀mí wọn ò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“Tí n bá dákẹ́ ńkọ́? Tí mi ò bá fọhùn nínú ilé rárá?”

“Gbìyànjú ẹ̀ wò.”

Ó gbìyànjú. Ó bọ́ bàtà, ọwọ́ ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ṣebí eré ni, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kiri ilé. Àmọ́ nígbà tó ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ohùn ìyá àgbà jáde sí i: “Ó ń yọ́ lọ. Bó ṣe yọ́ jáde lọ́jọ́sí náà nìyẹn.”

Alágbàfọ̀ wọ yàrá tí wọ́n fún un lọ, ó di ẹrù rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí yóò lọ, kò wọlé lọ dágbére. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì, ó ń dúró de Káfíńtà tó lọ pe ọkọ̀. Ìyàwó Káfíńtà gbé abọ́ ìrẹsì wọ yàrá lọ, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ jẹun, mà. Ó ti lọ.”

“Ṣé lóòótọ́?”

“Ó ti lọ, mà. Kò ní padà wá mọ́.”

Lẹ́yìn náà, Alágbàfọ̀ gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ń dún lemọ́lemọ́ bíi ti ẹni tí ebi ti pa gan-an. Ó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi fọn fèrè níta.

Ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń pe Káfíńtà lọ́jọ́ ìsinmi, Káfíńtà á ní ara gbogbo wọn le, àwọn ọmọ á pariwo “Àǹtí Asọ̀rọ̀mágbèsì!” látẹ̀yìn. Nígbà tó yá, fóònù á kàn máa dún ni. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó Káfíńtà gbé e.

“Ìyá wa ńkọ́, mà?”

“A ti sin wọ́n, ọmọ mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ọkọ mi ní ká má tíì dà ọ́ lọ́kàn rú.”

“Ṣé wọ́n… ṣé wọ́n sọ nǹkan kan?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan, ọmọ mi.”

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú àmójútó wọn.”

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ń pè é láti ìta pé àwọn oníbàárà ti dé. Ó ní òun ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà kò tún pe nọ́ńbà yẹn mọ́, àwọn náà ò sì pè é. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ibi tí wọ́n fẹ́ lọ nígbà ìsinmi mìíràn, tí wọ́n bi òun náà, ó ní òun ò lọ síbì kankan, ó sì nawọ́ mú ṣẹ́ẹ̀tì tó kàn.