Attracta àti Dùùrù Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù

Attracta Durkan ló ń gé búrẹ́dì nílé búrẹ́dì Tubbercurry, ní ìwọ̀-oòrùn Áílàǹdì. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, kì í pa Máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí, àfi ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Tó Rì Sódò láìdáa.

Ẹgbẹ́ olórin ni wọ́n. Ọmọ Áílàǹdì tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wọn. Orin táwọn ìyá àgbà fi ń fún wàrà màlúù ni wọ́n ń kọ, àmọ́ wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni tí ilé ń jó lé lórí. Malachy, ọkọ Attracta, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Àwọn ọmọ yìí ti ba orin baba wa jẹ́."

"Orin wo? Èyí tó ti ń sùn látọjọ́ tí wọ́n ti sin baba rẹ? Wọ́n ta á jí, ó wá ń dùn ọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún ìlú, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wá ṣeré ní gbàgede. Attracta wà níwájú pátápátá, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ń fò sókè láàárín àwọn ọmọ tó fá irun bí ogbe àkùkọ. Ni Colm, tó ń tẹ akọ́díọ́nù, dùùrù àgbékọ́rùn yẹn, bá fì í yí orí ká. Okùn já. Dùùrù fò, ó ń ké lójú òfuurufú bí pẹ́pẹ́yẹ, ó já lé Attracta lẹ́sẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Kò sunkún. Ó gbá dùùrù mọ́ra, ó gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé e sílẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò egungun rẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n ya òun àti dùùrù pọ̀. Dókítà wo fọ́tò náà títí, ó ní egungun ìhà ìyá yìí pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, Colm kan ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, dùùrù mi ni mo wá gbà. Galway là ń lọ lọ́la."

"Dùùrù ta ni? Ta ló jù ú?"

"Èmi ni, mà, àmọ́ okùn ló..."

"Ohun tó bá já látòkè lu èèyàn, tẹni tó lù ni. Bí òjò bá pa ọ́, ṣé ọ̀run máa ń wá gba omi rẹ̀ padà?"

Colm wo Malachy. Malachy wo òrùlé.

"Ibi tí dùùrù yìí bá ń lọ, èmi náà ń lọ," ni Attracta wí.

Bí wọ́n ṣe gbé àga ìdáná sórí pèpéle ní Galway nìyẹn. Attracta jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì dì lé àpótí ọtí, ó sì di okùn tuntun ara dùùrù mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́, bí Colm ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Malachy wà lẹ́yìn pẹ̀lú fúláàsì tíì, torí kò sẹ́ni tó máa se oúnjẹ fún un nílé.

Ní Limerick, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe: "Màmá! Kí Màmá tẹ̀ ẹ́!" Colm gbé dùùrù kọ́ ọ lọ́rùn. Obìnrin tí kò tẹ nǹkan kan rí ju ìyẹ̀fun lọ! Ó fà á, ó là. Ó fẹ́ pa á dé, ó kọ̀. Òun àti dùùrù bá a yí. Dùùrù ké bíi màlúù tó ń rọbí ọmọ tó ń fìdí jáde. Èrò hó yèè, òrùlé fẹ́ ṣí. Àwọn àgbàlagbà ń nu omijé. Malachy da tíì sára, ó ń pariwo pé, "Ìyàwó mi nìyẹn!"

Látọjọ́ yẹn, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù kì í bẹ̀rẹ̀ orin láìfi igbe yẹn ṣíde. Nígbà tí ẹsẹ̀ san, Attracta fọwọ́ ara rẹ̀ dá dùùrù padà, ó ní Colm ti mọ igbe náà ké ju òun lọ, búrẹ́dì sì ń dúró de òun. Ṣùgbọ́n igbe ti rìn. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ń fara wé e, wọ́n ń jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, Detlef láti Bremen, wá sílé búrẹ́dì, ó ṣí fìlà.

"Mà, kí lẹ ń wá nínú igbe yẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń pa á dé ni mò ń wá."

Detlef mi orí. "Kí lẹ ń pa dé, mà?"

"Dùùrù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nínú ọkàn yín ńkọ́?"

Attracta wò ó, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Kò tíì jẹun. Ó gé búrẹ́dì nínípọn fún un, ó fi bọ́tà sí i, ó mú un lọ sílé sọ́dọ̀ Malachy.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Malachy wí. "Èmi ló ń ro ìtumọ̀ igbe yẹn nílé yìí."