Afárá Orí Páálí

Rògbòdìyàn ti sé wa mọ́lé ní Kinkinau, ara mi ò sì gbélé. Lúdò ti sú mi. Mo ya páálí ọṣẹ, mo fi pẹ́ńsù ya ìlú Kaduna sí i: Kinkinau níbẹ̀rẹ̀, odò àti afárá láàárín, Kakuri lópin. Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Lúdò náà ló ṣì jọ.

Mo ní kí màmá mi bá mi ta á wò. Wọ́n ju dáìsì, ó bọ́ sí ẹ̀fà. Wọ́n ka ọmọ ayò wọn dé ẹsẹ̀ afárá, wọ́n dúró.

"Màmá, ó ku méjì."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀nà dáa? Pe ẹ̀gbọ́n ẹ ní Kakuri ná."

Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe ká tó sọdá odò. Mo fò dìde, mo ń rìn káàkiri yàrá. Òfin ayò tí mò ń wá nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ gun afárá gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ti sọdá, onítọ̀hún sì lè parọ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbé ọmọ ayò wọn padà sí Kinkinau.

"Tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá lè parọ́ fún mi, mi ò lọ mọ́."